Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Shahab Hosseini àti àwọn ọkùnrin tí ìbínú ń gbé

Látìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ lórí sinimá ilẹ̀ Ìráàn ni ìbéèrè ti ń wọlé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì dá lórí òṣèrékùnrin kan ṣoṣo. A ti kó àwọn tó jọra pọ̀, a sì dáhùn wọn síbí. Ẹni tí kò bá tíì wo àwọn fíìmù náà kò ní láti bẹ̀rù, a kò ní tú òpin ìtàn wọn síta, àfi níbi tí a bá ti kìlọ̀ fún yín kí a tó sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Mo wo fíìmù Ìráàn kan tí ọkùnrin kan ti bínú débi pé ara òun fúnra rẹ̀ ló ń lù. Ta ni òṣèré yẹn? Ẹnì kan ní dókítà ọpọlọ ni tẹ́lẹ̀.

Ìdáhùn: Shahab Hosseini ni, fíìmù tí ẹ sì wò ni *Jodaeiye Nader az Simin*, tí gbogbo ayé mọ̀ sí *A Separation*. Asghar Farhadi ló darí rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 2011. Hojjat ni orúkọ ọkùnrin tó ń lu ara rẹ̀ náà.

Kò ṣe dókítà rí. Ìlú Tehran ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1974. Ó wọ Yunifásítì Tehran láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, kò sì parí ẹ̀kọ́ náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dókítà ti ń jáde. Iṣẹ́ rédíò ló fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ló di atọ́kùn ètò àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ *Oxygen* lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ló bọ́ sínú fíìmù. Fún bí ọdún mélòó kan, ipa ọ̀dọ́mọkùnrin tó rẹwà ni wọ́n sábà ń fún un, nítorí ojú rẹ̀ dára, ohùn rẹ̀ sì ti mọ́ àwọn èèyàn létí. Ọ̀pọ̀ òṣèré tó rẹwà bẹ́ẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀ títí ẹwà yóò fi ṣá. Òun kúrò níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ìbéèrè: Mo kà á níbì kan pé ó gba Oscar méjì. Ibòmíràn ní kò gba ìkankan. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n ní ó gba ẹ̀bùn kan ní Berlin, àwọn kan sì ní irọ́ ni. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Oscar méjì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n fíìmù ló gbà á. *A Separation* gba ti fíìmù tó dára jù ní èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2012. *The Salesman*, tí orúkọ rẹ̀ ní Páṣíà ń jẹ́ *Forushande*, gba irú ẹ̀bùn kan náà ní ọdún 2017. Olùdarí ló máa ń lọ gbà á lórúkọ fíìmù àti orílẹ̀-èdè rẹ̀, a kì í kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ òṣèré. Ní 2017 yẹn gan-an, Farhadi kò lọ, nítorí òfin tí Ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà fi dí ọ̀nà àwọn ará Ìráàn àti ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Anousheh Ansari àti Firouz Naderi, ọmọ Ìráàn méjì tí wọ́n lórúkọ nínú ìmọ̀ òfuurufú, ló dúró fún un.

Ti Berlin, níbi àjọ̀dún fíìmù tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì, ni ó máa ń dàrú jù. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, *A Separation* gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún náà, ìyẹn Béárì Wúrà. Lẹ́yìn èyí ni ìgbìmọ̀ adájọ́ ṣe ohun tí wọn kì í sábà ṣe: dípò kí wọ́n mú òṣèrékùnrin kan, wọ́n fún gbogbo àwọn ọkùnrin inú fíìmù náà ní Béárì Fàdákà pa pọ̀, wọ́n sì ṣe bákan náà fún àwọn obìnrin. Nítorí náà, Hosseini gba Béárì Fàdákà, àmọ́ òun, Peyman Moaadi, Babak Karimi àti Ali-Asghar Shahbazi, bàbá arúgbó inú fíìmù náà, ló jọ ni ín. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé òun nìkan ló gbà á ti bù mọ́ ọn. Ẹni tó bá sì ní kò gbà á rárá ti bù ú kù.

Èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tí ẹnikẹ́ni kò bá a pín, ni ti Cannes, àjọ̀dún fíìmù ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016. Wọ́n yàn án ní òṣèrékùnrin tó ta yọ jù fún ipa Emad nínú *The Salesman*, Farhadi sì gba ti ìtàn tó dára jù fún fíìmù kan náà. Kò tíì sí ọkùnrin Ìráàn tó gba irú ẹ̀bùn òṣèré yẹn ní Cannes ṣáájú rẹ̀. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ló sì fi ẹ̀bùn náà jìn lórí ìtàgé.

Ẹ má gbàgbé ti ilé o. Ní àjọ̀dún fíìmù Fajr, tí wọ́n ń ṣe ní Tehran lọ́dọọdún ní oṣù Kejì, Simorgh Kírísítálì ni orúkọ ẹ̀bùn wọn. Ó gba ti òṣèrékùnrin tó dára jù ní 2009 fún fíìmù *Superstar* tí Tahmineh Milani darí. Ẹ ka ọdún yẹn dáadáa: ọdún méje ṣáájú Cannes ni. Àwọn ará ilé ti mọ̀ ọ́n kí ará òde tó mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè: Kí ni ó wà nínú eré rẹ̀ gan-an? Nínú* A Separation *mo rí ẹni tó ń pariwo ṣáá. Nínú* The Salesman *ó kàn dákẹ́ ni. Ṣé kì í ṣe pé àwọn adájọ́ fẹ́ràn Farhadi ni?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí dùn mọ́ wa, nítorí pé ẹ ti fọwọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà láìmọ̀. Ariwo Hojjat àti ìdákẹ́jẹ́ Emad, orísun kan náà ni wọ́n ti wá. Ọkùnrin tí ojú tì ni àwọn méjèèjì. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ipò wọn láwùjọ, Hosseini sì mọ bí ipò ṣe ń yí ìbínú padà lára èèyàn.

Ẹ wo ẹrù tó wà lórí Hojjat. Iṣẹ́ ṣíṣe bàtà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n lé e. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn débi pé àwọn olówó fi í sí àtìmọ́lé. Ìyàwó rẹ̀, Razieh, lọ ń tọ́jú bàbá arúgbó ní ilé ọkùnrin kan láìsọ fún un. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni oyún ìyàwó rẹ̀ bàjẹ́, tí ẹ̀sùn sì dé kóòtù pé Nader, ọkùnrin onílé náà, ló tì í. Nader kàwé, ó mọ bí a ṣe ń bá adájọ́ sọ̀rọ̀, ó ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Hojjat kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ ń há a lọ́fun, tí ara sì ń ṣe ohun tí ẹnu kò lè ṣe: á dìde, á bú, adájọ́ á kìlọ̀ fún un, ẹjọ́ rẹ̀ á sì tún bàjẹ́ sí i. Ó lọ dá wàhálà sílẹ̀ ní ilé ìwé ọmọ Nader. Ká ní òṣèré mìíràn ló ṣe é, jàǹdùkú ni ì bá ṣe, fíìmù náà ì bá sì ti wó, nítorí pé orí òtítọ́ pé kò sí ìkà nínú wọn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Hosseini jẹ́ kí a gbọ́ ariwo náà bí igbe ẹni tó ń rì. Tí ẹ bá tún wò ó, ẹ fi ojú sí i kó tó pariwo, kì í ṣe nígbà tó ń pariwo. Ibẹ̀ ni eré wà.

Nínú *The Salesman*, ẹ wo ohun tí Farhadi ṣe fún un: ó gbé e kúrò ní ipò Hojjat, ó fi í sí ipò Nader. Emad jẹ́ olùkọ́ lítíréṣọ̀, ọlọ́yàyà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn. Ní alẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ Rana, tí Taraneh Alidoosti ṣe, ń ṣeré orí ìtàgé, *Death of a Salesman* ti Arthur Miller. Ilé wọn fẹ́ wó nítorí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kó lọ sí ibòmíràn. Ní ilé tuntun náà, ẹnì kan wọlé, ó sì ṣe Rana léṣe nínú balùwẹ̀. Emad ní ẹnu, ó ní ẹ̀kọ́, ó ní ìwà pẹ̀lẹ́. Kò sí èyí tó ràn án lọ́wọ́ nínú wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ òṣèré náà, ẹ to àwọn ìran mẹ́rin yìí tẹ̀lé ara wọn. Àkọ́kọ́ ni inú takisí tí wọ́n jọ wọ̀, níbi tí obìnrin kan ti fura sí Emad tó sì ní kí wọ́n pààrọ̀ àyè òun. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan bínú nítorí rẹ̀, Emad sì fi sùúrù sọ fún ọmọ náà pé ó lè jẹ́ pé ọkùnrin kan ti ṣe obìnrin náà níbi rí. Ìkejì wáyé lẹ́yìn aburú náà: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wo fíìmù *Gaav* ní kíláàsì, oorun gbé Emad lọ, ọmọ kan ya fọ́tò rẹ̀. Olùkọ́ tó máa ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ gba fóònù ọmọ náà, ó ní kó pe bàbá rẹ̀ wá, ìgbà náà ló gbọ́ pé bàbá ọmọ náà ti kú. Ìkẹta ni orí tábìlì oúnjẹ, níbi tó ti mọ̀ pé owó tí ẹni ibi náà fi sílẹ̀ ni wọ́n fi ra oúnjẹ tó wà lẹ́nu wọn. Ìkẹrin ni orí ìtàgé, nígbà tó fi ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé eré bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú àwọn òǹwòran. Ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ròkè nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tó ń yí padà ni bó ti ń pẹ́ kó tó dáhùn, àti bí ojú rẹ̀ ṣe ń kúrò lára ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí a bá fi máa dé ọ̀gangan ìparí, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ náà ti di adájọ́, ọlọ́pàá àti ẹni tó ń fìyà jẹni, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tó lè tọ́ka sí ìṣẹ́jú tó yí padà.

Nítorí náà, rárá, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn Farhadi nìkan. Ìtàn náà lágbára, a kò jiyàn. Àmọ́ ìtàn kò lè fúnra rẹ̀ ṣe ìyípadà tó lọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Ara òṣèré ló ń ṣe é.

Ìbéèrè: Ṣé ipa ẹni tó ń bínú nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe ni?

Ìdáhùn: Ó tì o. Ẹ wá *Hoze Naghashi*, tí wọ́n ń pè ní *The Painting Pool*, ti ọdún 2013, tí Maziar Miri darí. Reza ló ṣe níbẹ̀, ọkùnrin tí ọpọlọ rẹ̀ kò jí pérépéré. Ìyàwó rẹ̀ Maryam, tí Negar Javaherian ṣe, rí bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oògùn. Ọmọkùnrin wọn kò ní irú ìṣòro yẹn, ó sì ti ń dàgbà débi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń tì í lójú lójú ẹgbẹ́. Irú ipa yìí máa ń ba òṣèré jẹ́, nítorí ó rọrùn láti fi ara wíwọ́ àti ọ̀rọ̀ kíkólòlò gba àánú òǹwòran. Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, òun ni a kàn máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má fò, torí pé Hosseini kò tọrọ àánú rárá nínú rẹ̀: bàbá ló ń ṣe.

Nínú *Darbareye Elly*, ti 2009, òun ni Ahmad, ọkùnrin tó ti Jámánì wálé lẹ́yìn tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ará Jámánì kọ ara wọn sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ kó ara wọn lọ sí etí Òkun Caspian, wọ́n sì mú olùkọ́bìnrin kan, Elly, dání kí Ahmad lè rí i. Obìnrin náà di àwátì. Òǹwòran púpọ̀ kì í rántí Ahmad, torí Golshifteh Farahani ló gbé ìdààmú ìtàn náà sórí, òun gan-an kàn ń fetí sílẹ̀ ni. Ẹ fi *Superstar* lé e, níbi tó ti jẹ́ gbajúmọ̀ òṣèré onígbéraga tí ọmọbìnrin kan já lù pé òun ni ọmọ rẹ̀, ẹ ó sì rí i pé ní ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n fi òun kan náà hàn ní Fajr nínú eré méjì tí kò jọra rárá.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ọdún àwọn fíìmù rẹ̀ kì í bára mu? Ìwé kan kọ 1387, òmíràn 2008, òmíràn 2009. Àní ọdún ìbí rẹ̀ pàápàá, mo rí 1973 níbì kan.

Ìdáhùn: Kàlẹ́ńdà ló fà á. Ọdún Ìráàn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 20 tàbí 21 oṣù Kẹta, ní Nowruz. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ láàárín Nowruz sí ìparí oṣù Kejìlá, ẹ fi 621 kún ọdún Ìráàn. Bó bá jẹ́ láàárín ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní sí Nowruz, 622 ni kí ẹ fi kún un. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi 621 kún gbogbo rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀: ọjọ́ 14 oṣù Bahman, 1352. Oṣù Bahman bọ́ sí ìparí oṣù Kìíní àti oṣù Kejì tiwa, nítorí náà 1352 pẹ̀lú 622 jẹ́ 1974. Ẹni tó fi 621 kún un ló rí 1973. Inú Bahman yìí náà ni àjọ̀dún Fajr sábà máa ń bọ́ sí. Fún ìdí èyí, *Superstar* àti *Darbareye Elly*, tí wọ́n fi hàn ní Fajr ní Bahman 1387, ti oṣù Kejì 2009 ni wọ́n, kì í ṣe 2008. Lẹ́yìn náà, fíìmù lè lo oṣù mélòó kan kó tó dé gbọ̀ngàn sinimá fún gbogbo ènìyàn. *Darbareye Elly* dé ibẹ̀ ní 1388, ìyẹn sì tún jẹ́ 2009. Bí ẹ bá ń kọ ọdún sílẹ̀, ẹ kọ bóyá ti àjọ̀dún ni tàbí ti gbọ̀ngàn.

Ìbéèrè: Nínú gbogbo fíìmù wọ̀nyí, ọkọ àti ìyàwó kì í dì mọ́ra wọn, obìnrin ń bo orí nínú ilé ara rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ilé wọn?

Ìdáhùn: Òfin sinimá ni. Láti ìgbà ìyípadà ìjọba ti 1979, obìnrin gbọ́dọ̀ bo irun rẹ̀ nínú fíìmù, kódà níbi tí obìnrin gidi kò ti ní bò ó, bíi nínú iyàrá rẹ̀. Ọkùnrin àti obìnrin tí kì í ṣe tọkọtaya tàbí ẹbí lóòótọ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ara wọn níwájú kámẹ́rà. Iléeṣẹ́ ìjọba fún Àṣà àti Ìtọ́sọ́nà Ìsìláàmù ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ, ó sì tó méjì: ọ̀kan kí wọ́n tó ya fíìmù, ọ̀kan kí wọ́n tó fi hàn. Fíìmù tó gba èkíní lè má rí èkejì gbà.

Ohun tí èyí ń ṣe fún òṣèré ni pé ó gba ọwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Emad ní láti tu ìyàwó tí wọ́n ṣe léṣe nínú láìfi ọwọ́ kàn án bí ọkọ ṣe ń ṣe. Ojú, ohùn àti jíjìnnà tàbí sísúnmọ́ nìkan ló kù. Farhadi sì mọ bí a ṣe ń fi òfin náà kọ́ ìtàn. A kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú balùwẹ̀ yẹn: aago ẹnu ọ̀nà dún, Rana rò pé ọkọ òun ni, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀, ó padà sínú, kámẹ́rà sì dúró ti ilẹ̀kùn náà. Àwọn tó wà nínú ìtàn náà kì í dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àwa náà kò rí i, àìmọ̀ yẹn ló sì ń jẹ Emad lọ́kàn. Nínú *A Separation* ẹ̀wẹ̀, Razieh ní láti pe àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn lórí fóònù kó tó lè pààrọ̀ aṣọ fún bàbá arúgbó tó tọ̀ sára. Bí ẹ kò bá mọ̀ pé ẹ̀sìn rẹ̀ kò fẹ́ kó fọwọ́ kan ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, ẹ ó rò pé ìran náà kò wúlò. Òun gan-an ló ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dun Hojjat tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Iye owó ẹ̀jẹ̀, ìyẹn owó ìtanràn lórí oyún tó bàjẹ́, tí wọ́n dá nínú* A Separation, *ẹnì kan ní mílíọ̀nù báyìí, ẹlòmíràn ní ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Toman ni àwọn ará Ìráàn fi ń sọ̀rọ̀, ríàlì ló wà lára owó bébà wọn. Toman kan jẹ́ ríàlì mẹ́wàá. Àwọn tó ń túmọ̀ lè fi toman sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n sì lè yí i padà sí ríàlì. Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí ẹ̀dà tiyín lò. Ẹ má sì fi iye owó ríàlì òde òní ṣírò fíìmù 2011, nítorí pé ríàlì ti já wálẹ̀ gan-an láti ìgbà náà. Ohun tó jẹ́ owó ńlá fún Hojjat yóò dà bí owó eré.

Ìbéèrè: Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ará Ìráàn kì í dárúkọ Emad tàbí Hojjat. Ghobad ni wọ́n ń pè é. Ta ni Ghobad?

Ìdáhùn: Àwọn ọ̀rẹ́ yín wo *Shahrzad*. Eré alápá púpọ̀ ni, tí Hassan Fathi darí, ìsọ̀rí mẹ́ta láàárín 2015 sí 2018. Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ìjọba ló gbé e jáde. Inú ètò fíìmù tí wọ́n ń tà fún wíwò nílé ló ti jáde, níbi tí àyè ti gbòòrò díẹ̀ fún olùdarí. Ìfipágbàjọba ọjọ́ 28 oṣù Mordad 1332 ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà; ẹ ti mọ bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀, 1953 nìyẹn. Ghobad jẹ́ ọmọ mọ̀lẹ́bí olówó alágbára kan tí wọ́n ń pè ní Bozorg Agha, ó sì fẹ́ ọmọ rẹ̀ Shirin. Torí pé Shirin kò bímọ, baba alágbára náà fi túláàsì mú un fẹ́ Shahrzad ní ìyàwó kejì, nígbà tí Shahrzad ti ní ẹni tó nífẹ̀ẹ́. Lórí ìwé, Ghobad ló yẹ kí a kórìíra. Àwọn òǹwòran ṣàánú rẹ̀ débi pé orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Alidoosti ló ṣe Shahrzad, Ali Nassirian ló ṣe Bozorg Agha.

Ṣáájú ìyẹn, ní 2007, òun àti Fathi yìí kan náà ti ṣe *Madare Sefr Darajeh* fún tẹlifíṣọ̀n ìjọba. Habib Parsa ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Ìráàn kan ní Paris nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tó nífẹ̀ẹ́ sí ọmọbìnrin Júù kan. Ìrántí Abdol Hossein Sardari, aṣojú Ìráàn ní Paris tó fi ìwé ìrìnnà Ìráàn gba àwọn Júù là, wà lábẹ́ ìtàn náà.

Ìbéèrè: Mo wá orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹlòmíràn ló ń jáde. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Hosseini wọ́pọ̀ púpọ̀ ní Ìráàn. Nínú *A Separation* nìkan, Kimia Hosseini ni ọmọdébìnrin tó ṣe ọmọ Hojjat. Nínú *The Salesman* ẹ ó rí Farid Sajjadi Hosseini. Ẹ má tìtorí orúkọ so wọ́n pọ̀ mọ́ ẹbí. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà Páṣíà, شهاب حسینی, àbájáde yóò mọ́ jù. Bí kò bá sí ohun tó jáde, ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn: bọ́tìnnì Lárúbáwá máa ń tẹ *ي* tó ní àmì méjì nísàlẹ̀, nígbà tí Páṣíà ń lo *ی* tí kò ní àmì, àwọn ibùdó kan kò sì ka méjèèjì sí ọ̀kan. Fún orúkọ fíìmù, ẹ gbìyànjú Forushande, Forooshande àti Foroushandeh kí ẹ tó ní kò sí.

Ìbéèrè: Ṣé ó ti ṣe fíìmù lẹ́yìn odi Ìráàn? Ṣé òun náà ń darí? Àti pé èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ wò?

Ìdáhùn: Ó ti darí. *Saken-e Tabaghe-ye Vasat*, ti 2014, ni àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn odi, ó ṣe *Gholam* ní London fún Mitra Tabrizian, ó jáde ní 2017. Awakọ̀ takisí tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun léèrè àná ni. Ní Finland, ó ṣe bàbá ìdílé kan tó ń wá ibi ìsádi nínú *Any Day Now* ti Hamy Ramezan, 2020. Ní Los Angeles, ó ṣe *The Night* fún Kourosh Ahari: òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn jòjòló wọ òtẹ́ẹ̀lì kan sùn, òtẹ́ẹ̀lì kò sì jẹ́ kí wọ́n jáde mọ́. Fíìmù ẹ̀rù ni, ó sì gba àṣẹ láti wọ gbọ̀ngàn sinimá Ìráàn bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, ohun tí kò rọrùn rárá láti 1979. *Mast-e Eshgh*, tí Ìráàn àti Túrkì jọ ṣe, jáde ní 2024. Hassan Fathi ló darí òun náà. Hosseini ṣe Shams ará Tabriz, Parsa Pirouzfar sì ṣe Mowlana Rumi, akéwì Páṣíà ayé àtijọ́.

Nípa ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀: ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti orí *The Salesman* nítorí ẹ̀bùn Cannes, wọ́n á sì ní ó lọ́ra. A kò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. *A Separation* ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí ó ń yára, kò sì gba pé kí ẹ mọ ohunkóhun ṣáájú. Kó tó di *The Salesman*, ẹ ka àkótán eré Miller, torí Emad ló ń ṣe Willy Loman, ọkùnrin ọlọ́jà tí eré náà dá lé lórí, ohun tó ń sọ lórí ìtàgé sì ń dáhùn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀. Bí àyè bá wà, ẹ wo *Gaav* tí Dariush Mehrjui ṣe ní 1969 pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ń wò ní kíláàsì: ọkùnrin tí màálù rẹ̀ kú, tí òun fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í di màálù. Ìkẹta ni kí ẹ fi *Hoze Naghashi* ṣe. Ẹ fi *Shahrzad* sẹ́yìn pátápátá, ó gùn, ẹ kò sì ní fẹ́ dá a dúró lágbede méjì.